Àmì Orí Orúkọ Mùíbátù

Nínú pálọ̀ bàbá àgbàlagbà kan l'Átàn-Ọ̀tà, atúnkọ̀ǹpútàṣe tẹjú mọ́ fáìlì ètò géèmù àtijọ́ kan, eré ìje ọkọ̀, tí kò ṣí mọ́.

"Bàbá, 'Muibatu' ni fáìlì yìí ń wá, ṣùgbọ́n 'Mùíbátù' ló wà lára fódà."

"Èmi ni mo fàmì sí i lẹ́yìn àdúrà fìdáù rẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá ò gbọdọ̀ fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò."

Atúnkọ̀ǹpútàṣe fàmì sórí orúkọ inú fáìlì náà. Géèmù ṣí síbi tí ìyàwó Bàbá dá a dúró sí. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ṣáájú.

"Ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí, á máa lọ."

Bàbá fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Tí eré náà bá wá parí ńkọ́?"

Atúnkọ̀ǹpútàṣe kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.