Fàdákà Inú Ìkòkò Imí Ọjọ́

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ní Ṣakí, ìyá kan wà tó ń ta imí ọjọ́, Ìyá Odùntan ni wọ́n ń pè é. Imí ọjọ́ ni òkúta aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń rún lọ́wọ́. Wọ́n ní lókèèrè, lẹ́nu àwọn òkè tó ń rú èéfín gbígbóná, ló ti ń dì mọ́ àpáta. Àwọn ọdẹ ń rà á láti fi po ẹ̀tù ìbọn, àwọn abiyamọ ń pò ó mọ́ òrí láti fi pa kúrúnà ọmọ wọn. Ọjà Ìyá Odùntan ń tà dáadáa, ṣùgbọ́n kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. "Ìfura loògùn àgbà," ni í máa wí. Ìyá wa ti lo òògùn náà jù.

Nígbà tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, kò fi í sínú àpótí. Ó rì í sí ìsàlẹ̀ ìkòkò imí ọjọ́. Lójú tirẹ̀, olè wo ni yóò wá fàdákà débẹ̀?

Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ó ń múra lọ síbi ìkómọjáde kan, ó yọ ẹ̀gbà náà, àfi bí ìdí ìkòkò, ó dúdú. Àwẹ̀ró, ìyàwó ọmọ rẹ̀, nìkan ló ń bá a bu ọjà nínú ìkòkò yẹn. Ìyá fà á síta lójú gbogbo àdúgbò.

"Olè! O jí fàdákà mi, o fi irin pààrọ̀ rẹ̀!"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀."

Ìyá kò gbọ́. Kó tó di ọjọ́rọ̀, ọmọbìnrin náà ti di ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀.

Ìyá wá gbé "irin" náà lọ bá alágbẹ̀dẹ fàdákà, kó lè bá a jẹ́rìí. Ọkùnrin náà fi eérú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, fàdákà sì bẹ̀rẹ̀ sí dán.

"Ìyá, ẹ̀gbà yín nìyí. Níbo lẹ fi í sí?"

"Inú imí ọjọ́ ni."

"Háà! Bí imí ọjọ́ bá kan fàdákà, dúdú ni yóò dú."

Ìyá sáré lọ kúnlẹ̀ nílé àna rẹ̀.

"Mo ti dárí jì yín, Ìyá," ni Àwẹ̀ró wí. "Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi sọ fún àwọn tó gbọ́ pé n kì í ṣe olè?"

Ìyá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń ṣàlàyé. Àwọn kan gbà. Àwọn yòókù ní ó kàn ń bo àṣírí ilé rẹ̀ ni. Títí di òní, bí Àwẹ̀ró bá wọ àárín èèyàn, àwọn kan á rọra fa báàgì wọn mọ́ra. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wádìí kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.