Ìrora Tí Màmá Salome Fi Pamọ́ Sóko

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá pa á tì. Ẹ kà á tán pátápátá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin nílé, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

1.
Háà, Òde-Ìrèlè ayé àtijọ́, lẹ́yìn tí a gba òmìnira! Èéfín pupuru, oúnjẹ gbágùúdá tí a ń fi èéfín iná gbẹ, ló ń jí wa láàárọ̀. Ó wà lára aṣọ wa, ó wà nínú irun wa, kò sì sẹ́ni tó bínú sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo wa á wọ aṣọ funfun, a ó fi bàtà sílé, a ó máa kọrin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà wa. Inú mi ṣì máa ń dùn bí mo bá rántí agogo yẹn.

Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé àdúrà. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níta ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí, tí wọ́n ń gba orin láti ibẹ̀. Kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rín wọn tiẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti àwọn tó wà nínú ilé lọ. Àmọ́ gbogbo ìjọ ló ń mọ ẹni tí àsìkò rẹ̀ dé.

Màmá Salome ni Ìyá Ìjọ wa. Pupuru rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ mú, ó sì fẹ́ràn láti máa fọ́nnu pé, "Obìnrin ilé wa kì í ké ìrora." Aníwúrà, olóhùn orin, ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Bí nǹkan oṣù ọmọ yìí bá ti dé, yóò ká jọ sórí ẹní, yóò máa làágùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti padà wọlé àdúrà, òun á ṣì wà lábẹ́ máńgòrò.

Agatha, ọmọ ìjọ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Òkìtìpupa, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyá Ìjọ, ìrora ọmọ yìí pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ bá dókítà."

"Bó bá bímọ, yóò lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe èmi náà."

"Kì í ṣe ti gbogbo èèyàn ló ń lọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Agatha! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ mi ní olókùnrùn ni, nígbà tí àwọn ará ilé Lucas ti ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀?"

2.
Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí Ìyá Ìjọ dá. Bí àsìkò Aníwúrà bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò rán an lọ sí oko Àjàgbà, kó lọ máa wa gbágùúdá. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀, "Ó wà lóko" ni ìdáhùn. Kò sẹ́ni tó tún rí i lábẹ́ máńgòrò mọ́, àní Agatha pàápàá.

"Ìyé mi, ẹ jẹ́ n lọ bá Àǹtí Agatha. Inú ń gé mi bí ọ̀bẹ."

"Fara dà á, ọma mi. Orúkọ wa ni kó o rò."

Ìgbéyàwó òun àti Lucas dùn, n kò ní purọ́ fún yín. Orin ọjọ́ yẹn ṣì wà létí mi. Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, ikùn Aníwúrà kò ru sókè. Ìrora náà kò sì lọ.

3.
Lọ́jọ́ ìkórè kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, Aníwúrà ṣubú níbi tó ti ń kọrin. Lucas kò dúró gbọ́ àṣẹ ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó gbé e sínú bọ̀lẹ́kájà, ó di Òkìtìpupa, Agatha sì bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

"Ṣé ayé ló ṣe é?" Màmá Salome bi dókítà.

"Ayé kọ́, Màmá. Ara kan wà tó tẹ́ inú ilé-ọmọ. Lóṣooṣù ló ń hù tí ó ń nípọn, tí yóò sì bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Irú ara bẹ́ẹ̀ ló hù síta ilé-ọmọ Aníwúrà, nínú ikùn. Lucas, ṣé ẹ mọ àfòmọ́?"

"Òun ló pa igi obì bàbá mi."

"Àfòmọ́ kò lè gbé láìmu omi igi. Ara yìí náà kò lè gbé láìsí ẹ̀jẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, wẹ́wẹ́, ló ń yọ lọ bá a tó ń bọ́ ọ, tó fi ń tàn kálẹ̀. Lóṣooṣù òun náà ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì rí ọ̀nà jáde. Ó ń di egbò, egbò sì ń lẹ nǹkan inú ikùn pọ̀. Àpò ẹyin rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́, a ti yọ wọ́n. Kò ní lè lóyún mọ́."

Màmá Salome tún béèrè: "Bí a bá ti tètè wá ńkọ́?"

"N kò lè búra pé à bá wò ó sàn. Ṣùgbọ́n à bá ti gbìyànjú kó tó tàn débi yìí."

Nígbà tí Aníwúrà lè sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Ìyé mi, ẹ gbọ́ igbe mi. Ẹ wá rán mi lọ síbi tí ẹlòmíràn ò ti ní gbọ́ ọ."

4.
Màmá Salome bọ́ ọ̀já Ìyá Ìjọ sílẹ̀. Nǹkan oṣù tirẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́, síbẹ̀ gbogbo Ìsinmi ló ń gbé ẹní rẹ̀ jáde lọ sábẹ́ máńgòrò, á jókòó láàárín àwọn ọmọbìnrin. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé: "Ṣé ó ń dùn ọ́? Má fi pamọ́ fún mi, ọma mi." Èyí tó bá sọ pé ó ń dun òun jù, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi fà á lọ bá Agatha. Ẹkún máa ń gbọ̀n mí bí mo bá rántí.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, mo sì ń kìlọ̀ fún yín: ìrora oṣù tó ń da ọmọ dùbúlẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fi pamọ́ nítorí orúkọ. Ẹ tètè mú un lọ rí dókítà. Ìtìjú ni Màmá Salome ń wò sàn, ó fi àìsàn sílẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.