Afọlábí àti Iná Tí Ó Dè Mọ́ Ìyá Rẹ̀ Lórí

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín o. Ẹ kà á tán, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní ìyá àgbà nílé, pàápàá ẹni tí inú rẹ̀ ń ru sí mọ̀lẹ́bí.

Ní Ìlá Ọ̀ràngún ni Màmá Bernice ń gbé. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àrùn ìgbàgbé dé, wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ní àwọn ò tíì jẹun láti àná. Orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n fi ń pe Fẹ́yìsayọ̀, ọmọbìnrin wọn tó ń tọ́jú wọn.

Àkọ́bí wọn, Afọlábí, wà ní Èkó. Ẹ má rò pé àìsàn ìyá ló gbé e wálé o. Ìjà ni. Dáhùnsí, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ti gba oko kòkó tí Joseph, bàbá Afọlábí tó ti kú, fi sílẹ̀ ní Ọ̀rà. Ó lé Afọlábí kúrò níbẹ̀ lójú àwọn òṣìṣẹ́.

"Bàbá rẹ ti fún bàbá mi. Tó bá jẹ́ irọ́, mú ẹlẹ́rìí wá!"

Màmá nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù láyé. Afọlábí búra pé, "Màmá á sọ̀rọ̀ níwájú ẹbí. Màá dójú ti Dáhùnsí débi pé kò ní lè jáde nílé."

Wọ́n gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Dókítà fi ẹ̀rọ kékeré kan hàn wọ́n. Wọ́n á rẹ fóòmù sínú omi oníyọ̀, wọ́n á dè é mọ́ orí aláìsàn, iná mànàmáná tí kò tó nǹkan á sì gba ibẹ̀ lọ sínú ọpọlọ. Kò sí abẹ, kò sí abẹ́rẹ́.

"Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn," ni dókítà wí. "Kì í wo àrùn yìí sàn. Ìṣojú wa ni a ti ń ṣe é, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dán an wò nílé."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú náà, ara Màmá sì ń yá díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wo ọmọ wọn lójú: "Fẹ́yìsayọ̀, ṣé o ti jẹun?" Ọmọ náà bú sẹ́kún ayọ̀.

Ìyẹn kò tó Afọlábí. Ó bi wọ́n nípa oko Ọ̀rà, wọ́n ní, "Oko wo?" Ìpàdé ẹbí tí wọ́n fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ oko náà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó bá ra ayédèrú ẹ̀rọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Bí Fẹ́yìsayọ̀ ti ń múra ṣọ́ọ̀ṣì nílé lọ́jọ́ Ìsinmi, ó rí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Afọlábí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní ká má ṣe é nílé."

"Ṣé ìwọ ni wàá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá mi? Máa lọ!"

Àbúrò ni. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Dípò omi oníyọ̀, òróró tí wòlíì fún Afọlábí lórí òkè àdúrà ló dà sí fóòmù náà. Ó ní agbára méjì á jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Òróró kò jẹ́ kí iná náà lọ bó ṣe yẹ. Ó yí ẹ̀rọ náà dé òpin, ojú kan ṣoṣo ni iná sì ń jó.

"Màmá, oko Ọ̀rà! Ta ni Bàbá fún?"

"Ó ń ta mí. Yọ ọ́, ó ń jó mi!"

"Ẹ fara dà á! Ẹ dá mi lóhùn ná. Ṣé ẹ fẹ́ kí Dáhùnsí máa fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Màmá ń sunkún bí ọmọdé, Afọlábí kò yọ ọ́. Ìgbà tí ara wọn ń gbọ̀n gìrìgìrì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, ló tó já a kúrò. Awọ iwájú orí wọn ti bó. Aládùúgbò tó gbọ́ igbe wọn ló gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Afọlábí sá padà sí Èkó, kò yọjú sí wọn títí wọ́n fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò ní tàn yín, àánú rẹ̀ kò ṣe mí. Ẹni tó ń gbọ́ igbe ìyá rẹ̀ tó ṣì ń bi í léèrè oko, ẹ̀tẹ́ ló tọ́ sí i. Ó sì rí i.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Afọlábí gbé agbádá wọ̀ wá. Fẹ́yìsayọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú Màmá wọlé. Bàbá Adégbọlá, olórí ẹbí, béèrè pé, "Ìyá Afọlábí, ta ni ọkọ yín fún ní oko Ọ̀rà?"

Màmá wò yíká. Bí wọ́n ti rí Afọlábí, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.

"Ẹ gbà mí! Òun nìyẹn! Ẹni tó ń fi iná jó mi!"

"Màmá, èmi Afọlábí ni, ọmọ yín."

"Mi ò bí ẹ! Mi ò mọ̀ ẹ́ rí!"

Ẹ̀yìn Dáhùnsí ni wọ́n sá sí. Wọ́n di aṣọ rẹ̀ mú: "Ọmọ mi, bá mi lé e."

Fẹ́yìsayọ̀ ṣí gèlè orí wọn, gbogbo ẹbí rí àpá náà. Bàbá Adégbọlá kò tún béèrè nǹkan kan. Ó ní kí Dáhùnsí máa mú oko rẹ̀ lọ, kí Afọlábí má sì dé ibi tí Màmá bá wà mọ́.

Níta, Afọlábí di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "O mọ̀ pé wọ́n á ṣe báyìí?"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Láti ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń figbe ta bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ yín. Ìdí tí mo fi mú wọn wá nìyẹn."

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi o. Bí ẹ bá fẹ́ irú ìtọ́jú yìí, ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe é, kí ẹ sì ní sùúrù. Ẹ má fi aláìsàn jà. Ẹ má wá ohun tí ẹ fẹ́ fi gbẹ̀san nínú orí ìyá yín. Afọlábí fẹ́ kí ìyá òun rántí, ìyá rẹ̀ sì rántí. Ohun tó ṣe fún wọn ni wọ́n rántí, wọn kò rántí pé àwọn ló bí i.