Adìẹ Paraschiva Kì Í Kú

Ní gbogbo abúlé náà, adìẹ Paraschiva nìkan ni àrùn kì í pa. Bí ti àwọn aládùúgbò bá ń ṣubú lulẹ̀, tirẹ̀ á máa jẹ̀ kiri, wọn á sì máa yé. "Ọwọ́ mi ló mọ́," lobìnrin náà máa ń wí. Ajá rẹ̀ kì í bá àwọn adìẹ náà mumi. Bó ti wù kí oòrùn mú tó, á gbóòórùn omi ọpọ́n wọn, á yí padà.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń to ẹyin sínú ìyẹ̀fun àgbàdo kí wọ́n má baà fọ́, tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì á bá a gbé wọn dé ìlú Iași, sílé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ilie, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Pupa ẹyin tútù tí wọ́n fi ṣúgà pò ni kì í fi ṣeré. Wọn kì í sè é. Paraschiva ní iná á gba agbára inú rẹ̀.

"Má ra ti ṣọ́ọ̀bù fún un o," ló máa ń kìlọ̀ fún Smaranda, ìyàwó ọmọ rẹ̀, lórí fóònù. "Oògùn ni wọ́n fi ń sin adìẹ wọ̀nyẹn."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Ìgbà tí ibà dá Ilie wó, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ. Kòkòrò àrùn ló wọ kíndìnrín rẹ̀. Wọ́n gún un ní ampisilini, ibà ò lọ. Wọ́n pa oògùn dà, ibà tún le sí i. Ètè ọmọ gbẹ, kò dá ìyá rẹ̀ lóhùn mọ́.

Dókítà Vlaicu wo Smaranda bí ẹni ń wo olè.

"Kòkòrò inú ọmọ yìí mọ ampisilini bí ẹni mọ ọ̀nà oko. Ẹ̀ ń fún un nílé, àbí?"

"Dókítà, kò gbé e mì rí látọjọ́ tí mo ti bí i."

"Ibì kan ló ti rí i kọ́. Bí kòkòrò kan bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ba oògùn jẹ́, á tọ́jú ọgbọ́n náà sórí òrùka tín-ín-rín kan nínú ara rẹ̀, á ṣe irú rẹ̀ fún kòkòrò aládùúgbò, kódà fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ta ló wá kọ́ tiyín?"

Paraschiva ti dé, ìkòkò ọbẹ̀ adìẹ wà lórí itan rẹ̀. Ó mirí. "Ìyàwó ìgboro! Ọmọ sín lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti ki oògùn bọ̀ ọ́ lẹ́nu."

"Màmá, ẹ mọ̀ pé mi ò ṣe bẹ́ẹ̀."

"Àbí ajá mi ló fún un?"

Smaranda sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Ó ku oògùn kan tí wọ́n ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Dókítà ò fẹ́ lò ó, torí ó lè ba etí jẹ́. Wọ́n lò ó. Nígbà tó yá, ibà lọ, Ilie jókòó, ó ní òun fẹ́ jẹ ẹyin. Ariwo ló fi sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ pè é látẹ̀yìn, kò yíjú.

"Ọbẹ̀ mi ló gbà á là," Paraschiva wí, ó sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Ó bá àgbébọ̀ kan tó ń wúkọ́ nínú ọgbà, ló bá gbé àpò ampisilini tó máa ń rà lọ́jà ẹran ọ̀sìn jáde, ó bu ṣíbí méjì dípò ẹyọ kan sínú omi ọpọ́n wọn, kí ẹyin Ilie lè mọ́ dáadáa.