Ojú Tí Ẹkún Bó

Wọ́n ti ń gbé pósí ìyá wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ò kúrò nídìí kọ́tìnnì tó fà dé.

Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ó wú, ó sì ń bó.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yọjú. "Àǹtí mi, ẹ jáde wá bu erùpẹ̀ sí i. Ẹ̀yin là ń dúró dè."

"Oòrùn yẹn ti mú jù."

Àbúrò ìyá wọn jágbe mọ́ ọkùnrin náà: "Fi ọmọ sílẹ̀ jàre! Ṣé o ò rí bí ẹkún ṣe bó o lójú ni? Ìwọ tó jẹun yó láàárọ̀, ìwọ ló fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀?"

Àwọn àlejò ń mi orí. "Ọmọ tó mọ ìyá nìyí."

Àkọ́bí náà tẹrí ba. Bí ilẹ̀ bá lanu, á wọlẹ̀.

Ẹkún kọ́.

Iná lésà, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ tó ń bó awọ, ni wọ́n fi bó ojú náà nílé ìwòsàn, kó lè jọ̀lọ̀. Abẹ́ ẹ̀rọ yẹn ló wà, ó ti pa fóònù, nígbà tí ìyá ń pe orúkọ rẹ̀ títí tí ẹ̀mí fi bọ́.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ojú rẹ̀ níbẹ̀ ní kó sá fún oòrùn, kí nǹkan oníyọ̀ má sì kan awọ tuntun náà.

Omijé níyọ̀.

Kò tíì sunkún ìyá rẹ̀.