Alága Ìgbìmọ̀ Òkúta Ìrántí

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ òkúta ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lélẹ̀ n'Ígbódìgò, láàárín èrò, ojú Mildred ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọmọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí.

Ọkàn rẹ̀ yọ́ bí òrí nínú oòrùn.

Fàrúkù lorúkọ ọmọkùnrin náà, tíṣà l'Óṣóòrò.

Ọdún kan ti kọjá. Òní ni wọ́n ń ṣí òkúta náà.

Bàbá Mildred, alága ìgbìmọ̀, ń sunkún níwájú èrò. "Èèyàn bíi tiwa ni wọ́n!"

"Aláàánú ni alága wa o!" obìnrin kan ń pariwo.

Mildred ò pàtẹ́wọ́.

Fàrúkù sún mọ́ ọn. "Ìfẹ́ mi, kí ni Bàbá wí lórí ìgbéyàwó wa? Ṣé torí mo jẹ́ Mùsùlùmí ni?"

"Wọn ò tiẹ̀ mẹ́nu ba ẹ̀sìn."

"Kí wá ni?"

Ilẹ̀ ni Mildred ń wò. "Wọ́n ti ṣèwádìí. Bàbá-ńlá wa ló ra bàbá-ńlá yín. Wọ́n ní àwọn ò lè fọmọ fún ìran ẹrú."

Fàrúkù yíjú sí òkúta náà.

"Ìwọ ńkọ́, Mildred? Kí lo wí?"

Mildred mú lẹ́tà ìtọrọ tí ilé Fàrúkù kọ, tẹ́nikẹ́ni ò tiẹ̀ já, ó fi lé e lọ́wọ́.