Iná Kò Mọ Ìwé Kà

Lóṣù yẹn, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó ti Florent ní Atakpamé. Ohun pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irú èyí tó ń sọ ooru di iná mànàmáná, ló fi sára ààrò ìyá ìyàwó rẹ̀ ní Agbonou. Iná igi ń yan ojú kan, omi tútù wà lójú kejì, gílóòbù kékeré sì ń tàn lára rẹ̀. Iṣẹ́ tó fẹ́ fi gba oyè dókítà nìyẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń bọ̀ láti Lomé.

Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀. Ó ya ooru bí ẹni ń ya iná mànàmáná: ibi tó gbóná di bátìrì, ohun tó ń dí ooru lọ́nà di ìdènà. Ẹni tó bá mọ bí ààrò ṣe gbóná tó lè fi ìṣirò mọ iye fóltì tí gílóòbù máa gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ Carole, ìyàwó rẹ̀, ó sì tètè mọ̀ ọ́n.

Nítorí pé Florent ń lọ sí ọ́fíìsì, Carole ló ń gun alùpùpù akérò lọ sí Agbonou láràárọ̀ láti wo mítà tó ń ka fóltì gílóòbù náà. Ogójì ọjọ́ nìyẹn. Iye tó ń kọ sínú ìwé bọ̀ bá ti ara ògiri mu géérégé.

"Ìyá Linda, o ṣeun," ni Florent máa ń wí. "Ìdí ààrò lo ti ń bọ̀, síbẹ̀ èéfín kì í bá ọ wálé."

"Mo mọ ibi tí mò ń dúró sí, Bàbá Linda."

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá ìyàwó rẹ̀ fi iṣu ránṣẹ́. Alálùpùpù tó gbé e wá ní, "Mama ní kí ẹ bá àwọn kí Carole. Wọ́n ní ṣé ara rẹ̀ le?" Florent ní ó le dáadáa.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó ṣí ìwé rẹ̀ àtijọ́, ó sì rí àṣìṣe. Ìdènà inú pẹlẹbẹ náà, méje ni. Ó tiẹ̀ fi lẹ́tà kọ ọ́ síbẹ̀ lédè Faransé, *sept*. Àmọ́ kò fa igi sí 7 náà lágbedeméjì, nígbà tó sì ń dà á kọ sára ògiri, ó kà á sí 1. Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣírò. Iye tó yẹ kí gílóòbù gbà kò ju ìdajì ohun tó wà nínú ìwé Carole lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta fẹ́ já sí asán nítorí igi kékeré kan.

Ó tún ìwé Carole wò. Ara ògiri ṣìnà, ìwé náà ṣìnà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ṣì gbà. Bẹ́ẹ̀ mítà tó wà ní Agbonou kò rí ohun tí òun kọ sára ògiri. Florent ì bá fẹ́ kó jẹ́ pé òun nìkan ló ṣàṣìṣe.

Lọ́fínńdà Carole ṣáájú rẹ̀ dé pálọ̀. "Bàbá Linda, mò ń lọ sí Agbonou o."

Florent kò yíjú kúrò lára ògiri. "Carole," ló wí, "níbo lò ń lọ láràárọ̀?"